Fóònù Ọwọ́ Olùkọ́ àti Ọmọ Tó Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ilé-ìwé wà. Bí òbí bá yà sí ilé-ìwé lọ́sàn-án, tí ó bá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ níbi tó ti tẹjú mọ́ fóònù, ohun tí òbí náà kọ́kọ́ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé ohun tí mo ń sanwó lé lórí nìyí?" Nígbà mìíràn, ìbínú bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń fi àkókò iṣẹ́ wo àwàdà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ló ń ṣeré. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ náà ń bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn léèrè bí òun yóò ṣe ṣàlàyé ìṣirò tí kò yé àwọn ọmọ láti àná. Ó sì lè jẹ́ pé òbí ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta ló ń kọ̀wé sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ èrò wa láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó tọ́ kí olùkọ́ lo àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí ayélujára, bíi WhatsApp, Facebook, Telegram àti YouTube, láti fi kún ìmọ̀ rẹ̀ àti láti bá òbí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohunkóhun tí a bá fi fóònù ṣe tí kò ṣe ọmọ yẹn lóore, tàbí tí ó dójú tì í, kò yẹ kí Kristẹni fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ òbí, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà sì jẹ́ ẹni tó ni ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan nínú ìjọ ṣì gbà pé ohun ayé ni gbogbo nǹkan orí ayélujára. A bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù wọn, nítorí ohun ẹlẹ́gbin tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀nà tí ìmọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run yìí kò sá fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣe ló fi í ṣiṣẹ́ kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn ìwé kíkà. Ẹ tún wo Kólósè 4:16, níbi tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti ní kí àwọn ará gbé lẹ́tà rẹ̀ fún ìjọ tó wà ní Laodíkíà, kí àwọn náà sì gba ti Laodíkíà kà. Ohun tí ìjọ kan gbọ́, ó fẹ́ kí ìjọ kejì jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ pàápàá ti mọ̀ tipẹ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1931 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí NUT, sílẹ̀ ní Èkó. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ó tó di ọ̀gá ní Abẹ́òkúta. Ẹ kíyèsí i pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, olùkọ́ sì ni. Kò rí ohun tó burú nínú kí àwọn olùkọ́ kó ara wọn jọ, kí wọ́n gba ara wọn níyànjú, kí wọ́n sì jà fún iyì iṣẹ́ wọn.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èrò olùkọ́ tó wà ní ìlú mìíràn ní láti kọ lẹ́tà tàbí kí ó wọ ọkọ̀. Lónìí, nǹkan ti yí padà. GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, Facebook bẹ̀rẹ̀ ní 2004, YouTube ní 2005, WhatsApp ní 2009. Ohun tí àwọn àgbà olùkọ́ rin ìrìn-àjò nítorí rẹ̀ ti wá wà nínú àpò ẹ̀wù. Ìbéèrè tó kù ni pé, kí ni a ó fi ṣe?

Olùkọ́ náà ní láti máa kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ wo olùkọ́ tó wà ní abúlé kan, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kò sí láàbù, kò sì sí ẹni tí ó lè bi ní ìbéèrè. Bí ó bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kó ara wọn jọ sí, ó lè béèrè ọ̀rọ̀ lálẹ́, kí ìdáhùn sì ti dé kí ó tó wọ kíláàsì láàárọ̀. Ó lè wo fọ́nrán lórí YouTube tó fi hàn bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, kí ó sì fi ike omi àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Òwe 27:17 sọ fún wa pé bí irin ṣe ń mú irin mú ni ènìyàn ń ṣe fún ẹnìkejì rẹ̀. Olùkọ́ tó dá wà kì í pẹ́ tó fi ń kú tì. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tó lò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yóò tún máa dà kọ títí di ọ̀la.

Bí ènìyàn kan bá pinnu láti fi ohun tó mọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ wo ibi tó lè dé. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salman Khan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní ọdún 2004. Nígbà tí àwọn ìbátan mìíràn náà fẹ́ kí ó kọ́ àwọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn fọ́nrán ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí YouTube ní 2006. Inú èyí ni Khan Academy ti jáde ní 2008. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, olùkọ́ tiwa náà sì lè wò ó bí ó bá ti ní dátà.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a gbà wá láti ilé ẹlòmíràn, a ní láti tún un gbé kaná nínú ìkòkò tiwa. Bí olùkọ́ òkèèrè bá fi písà ṣàlàyé ìdá mẹ́rin, olùkọ́ tiwa lè fi ọsàn tàbí búrẹ́dì ṣe é. Ẹni tó kàn mú fọ́nrán wá, tó tàn án fún àwọn ọmọ, tó sì jókòó, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàárín wa, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí gúrúùpù iṣẹ́ jẹ́ ti iṣẹ́. Kì í ṣe ibi tí a ń pín ìkíni ọjọ́ Ajé, ọjà títà àti ìjà òṣèlú. Bí ìròyìn kan bá dé nípa owó oṣù tàbí ìdánwò ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ síwájú kí ẹ tó bi ẹni tó mú un wá pé, "Níbo lẹ ti rí i?" 1 Tẹsalóníkà 5:21 ti pàṣẹ pé kí a máa dán ohun gbogbo wò. Ẹ má ṣe jẹ́ agbà-má-mùú-wá pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ọ̀nà kan gbà, ẹ dán an wò ní kíláàsì, kí ẹ padà wá sọ ibi tó ti yọrí sí rere àti ibi tó ti kùnà, nítorí ẹlòmíràn ń dúró de ẹ̀rí yín.

Ọ̀kan ṣì kù tó wúwo jù. Orí WhatsApp àti Telegram kan náà yìí ni àwọn olè ti ń ta ìdáhùn ìdánwò tí àwọn ọmọ ń pè ní expo. Olùkọ́ tó bá bá wọn lọ́wọ́ sí i ti ja gbogbo ọmọ tó sun oorun díẹ̀ nítorí ìwé kíkà lólè. Ọmọ tálákà tí kò lówó láti ra expo ni yóò sì kọ́kọ́ kàgbákò rẹ̀.

Ẹni tí fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti ilé-ìwé pa káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni sì gbé tiwọn sórí WhatsApp. Ẹ rántí bí ó ṣe rí nílé ẹlòmíràn. Fóònù kan péré ló wà, bàbá ló sì ń mú un jáde. Kí ó tó dé lálẹ́, iná ti lọ, bátìrì ti kú, dátà ti tán, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì ti kọjá. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà lórí bẹ́ńṣì kan náà di ẹni tí ọ̀kan ń tẹ̀síwájú, tí ìkejì ń dúró. Kì í ṣe pé ìkejì yọ̀lẹ.

Jákọ́bù 2:1-4 bá àwọn tó ń fi àga iyì fún olówó, tí wọ́n sì ń ní kí tálákà dìde dúró, wí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nìyẹn nígbà tí gbogbo ìkéde ilé-ìwé bá ń gba orí WhatsApp nìkan. Ìyá tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì kò ní mọ̀ pé ìpàdé òbí àti olùkọ́ wà. Bí kò bá sì wá, a ó ní kò bìkítà fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí olùkọ́ kọ orúkọ àwọn òbí tí kò sí lórí WhatsApp sínú ìwé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ohunkóhun tó bá kéde fún àwọn yòókù, kí ó pe àwọn wọ̀nyí, kí ó fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn, tàbí kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá kankan má ṣe jẹ́ èyí tí orí fóònù nìkan ni ọmọ ti lè rí i.

Ẹ̀bùn mìíràn tún wà nínú fóònù tí a kì í lò dáadáa, ìyẹn ni ohùn. Ọ̀pọ̀ òbí wà tí kò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá fún ìṣẹ́jú kan, yóò yé wọn yékéyéké. "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Ọmọ yín ṣe dáadáa lónìí, ṣùgbọ́n ẹ bá wa rí i pé ó ń ka ìwé díẹ̀ kí ó tó sùn." Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló lè wọ ìyá létí tó báyìí? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, tí ó sì yọrí sí rere.

Ẹ̀yin òbí náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Olùkọ́ kì í ṣe ẹrú. Ẹ má ṣe pè é ní aago mọ́kànlá alẹ́ nítorí pẹ́ńsù tó sọnù. Bí ọmọ yín bá ní ẹ̀sùn, ẹ má ṣe gbé e sójú gúrúùpù níbi tí ogójì òbí ti ń wò. Ẹ lọ bá olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹ jọ sọ ọ́. Ìyá tàbí bàbá tó bú olùkọ́ ní gbangba ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kò yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún.

Iyì ọmọ kì í ṣe ohun títà

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì san owó ilé-ìwé, tí wọ́n á sì gbé e sójú gúrúùpù kíláàsì kí gbogbo òbí lè rí i. Wọ́n ní kí ìtìjú lè mú òbí sanwó ni. Ẹ̀yin ará, ta ni ìtìjú náà bá? Òbí lè pa fóònù rẹ̀. Ọmọ ni yóò wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa nawọ́ sí i pé bàbá ẹ kò lówó. Olúwa wa sọ̀rọ̀ líle nínú Mátíù 18:6 sí ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọ̀nyí kọsẹ̀. Ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀, a kò jiyàn. Kí ó pe òbí náà nìkan, kí ó kọ̀wé sí òun nìkan, kí wọ́n jọ ṣètò bí yóò ṣe san án díẹ̀díẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò fi ọmọ sílẹ̀ láìní ààbò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ nínú abala kẹjọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, abala kọkànlá sì sọ pé iyì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ òfin náà di tirẹ̀ ní 2007. Ní ọdún 2023, Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà fi kún un pé níbi tí a bá ti nílò ìyọ̀ǹda kí a tó lo ohun tó jẹ́ ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ọmọ wà lára rẹ̀. Olùkọ́ tó ya àwòrán ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya, tàbí ọmọ tó gba òdo nínú ìdánwò, tó sì gbé e sórí Facebook kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, ti ṣẹ̀ sí òfin ìfẹ́ kí a tó máa sọ ti ìjọba. Ohun tó bá ti bọ́ sórí ayélujára kò rọrùn láti kó padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò di ẹni ọgbọ̀n ọdún, àwòrán náà yóò ṣì wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ kan ṣoṣo, kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ́ ní gúrúùpù. Bí ó bá sì fẹ́ kéde ohun kan fún gbogbo òbí láìjẹ́ kí wọ́n rí nọ́ńbà ara wọn, WhatsApp ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Broadcast, tó ń fi iṣẹ́ náà jẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí òbí bá ti ní nọ́ńbà olùkọ́ nínú fóònù rẹ̀. Bákan náà, kò yẹ kí olùkọ́ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ takurọ̀sọ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù, pàápàá lóru. Bí ìdí bá wà láti kọ̀wé sí ọmọ, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. A kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ààbò ni èyí jẹ́ fún ọmọ, ó sì jẹ́ ààbò fún orúkọ rere olùkọ́.

Kí ni ìjọ yóò ṣe?

Ó rọrùn láti wàásù fún olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ná an. Nínú owó oṣù tí kò tó ná ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra dátà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ilé-ìwé. 1 Tímótì 5:18 rán wa létí pé owó iṣẹ́ tọ́ sí òṣìṣẹ́. Ìjọ tó ń lo iná jẹnẹrétọ̀ fún gìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ àdúgbò, kí wọ́n rí iná, kí wọ́n rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì jókòó kọ́ ara wọn. Kí ó má ṣe jẹ́ ti ọmọ ìjọ nìkan. Olùkọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ń kọ́ ọmọ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò lè kọ́ àwọn àgbà olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń wá fọ́nrán ẹ̀kọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo nọ́ńbà wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì lè máa ra dátà fún olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta lóṣooṣù, ọrẹ ni èyí níwájú Ọlọ́run.

Kí ìjọ pàápàá sì ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Bí a bá fún ọmọ aláìní ní ìwé àti báàgì, kò pọn dandan kí àwòrán rẹ̀ wà lórí Facebook kí ayé lè mọ̀ pé a lawọ́. Mátíù 6:3 ti sọ bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ àánú. Òfin tí a fẹ́ kí olùkọ́ pa mọ́, kí ẹ̀ka ọmọdé wa náà pa á mọ́.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bi olùkọ́ ọmọ yín ní ohun méjì. Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹ nílò kí iṣẹ́ yín lè rọrùn?" Ẹ sì tún bi í pé, "Òbí wo ni kò sí nínú gúrúùpù wa, ta sì ni ó ń sọ fún un?" Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbé ní àdúgbò yín, ẹ̀yin ni kí ẹ di ẹni tí yóò máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ rántí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì bi ara yín bí yóò ṣe rí lára rẹ̀ bí ó bá kà á.

Olúwa yóò fún àwọn olùkọ́ wa ní ọgbọ́n, yóò sì pèsè fún ilé wọn. Kò ní jẹ́ kí ojú ti àwọn ọmọ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.